Oko inú fóònù: Stardew Valley lójú ọmọ àgbẹ̀ oníṣu

Nínú gbogbo nǹkan tí mo ti fowó rà sórí fóònù mi, kò sí èyí tí mo gbádùn tó Stardew Valley, géèmù kan téèyàn ti ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa sanwó. Kò sí ìpolówó ọjà tí yóò máa já lù yín lójú, kò sí pé kẹ́ ẹ tún san díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó lè tẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ dátà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí fóònù tán. Dọ́là 4.99 ni iye rẹ̀ fún fóònù, Google Play á sì bá yín ṣírò rẹ̀ sí náírà. Ti kọ̀ǹpútà wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, dọ́là 14.99 ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa ní géèmù ọmọdé ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àwa àgbàlagbà tá a ń jókòó sí ọ́fíìsì tí ọkàn wa kò sì sí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Ìkẹjà, nídìí tábìlì tí àwọn oníbàárà ti ń wá fẹjọ́ sùn. Owó tí ẹ̀rọ yọ nínú àkáǹtì tí kò sì pọ̀ ọ́ jáde, owó iléèwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ tí kò dé, káàdì tí ẹ̀rọ gbé mì. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mò ń sọ pé "ẹ má bínú sà, ẹ má bínú mà". Tí mo bá yanjú ti òní tán, kò sí ohun kan tí mo lè nawọ́ sí pé òun rèé, òun ni mo ṣe lónìí. Tí bọ́ọ̀sì bá wá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà-Ìpájà lálẹ́, ìgbà yẹn ni ọkàn mi máa ń rìn lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì, Kánádà ni wọ́n ń rò. Wọ́n mọ iye tí físà jẹ́, wọ́n mọ ìlú tí òtútù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mú. Èmi, oko ni mò ń rò. Mo máa ń rí ara mi nínú aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó, láìsí káàdì orúkọ lọ́rùn mi, tí mò ń já tòmátì nínú ọgbà ara mi, tí adìẹ ń tan ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, tí kò sí máníjà tó ń ránṣẹ́ pè mí. Mo mọ inú ilé yẹn dáadáa. Mo mọ ibi tí fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ kọjú sí.

Ibẹ̀ gan-an ni géèmù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà kan wà lórí ibùsùn, ikú ti sún mọ́ ọn. Ó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ pa, ó ní kó má tíì ṣí i, àfi ọjọ́ tí ayé bá sú u pátápátá. Ọdún gorí ọdún. A wá rí ọmọ yìí nínú ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Joja, tí wọ́n fi pátákó há oníkálùkù mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ wo yàrá yẹn dáadáa kó tó kọjá: egungun gbígbẹ jókòó sórí àga kan, ó ṣì kọjú sí iṣẹ́. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè torí kí n lè rí egungun yẹn dáadáa. Ọmọ náà wá fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú lẹ́tà jáde, ó kà á. Bàbá àgbà ti fi oko sílẹ̀ fún un ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Pelican Town. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ.

Oko tó bá lọ́hùn-ún ti di igbó. Igi, òkúta, koríko, kùkùté. Wọ́n fún un ní ọkọ́, àáké, dòjé, ohun ìfọ́kúta àti agolo ìbomirin. Owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 500, owó inú géèmù ni o, kì í ṣe náírà. Olórí abúlé náà, Lewis, fi irúgbìn 15 ta á lọ́rẹ, ti gbòǹgbò funfun kan tó jọ kárọ́ọ̀tì, tó ń tó wú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ ṣán igbó díẹ̀, ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀, ẹ gbìn ín, ẹ bomi rin ín. Agbára ara ní òdiwọ̀n: tẹ́ ẹ bá ń gé igi ṣáá láìjẹun, ó máa rẹ̀ yín. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀, bó bá sì di agogo méjì òru tẹ́ ò tíì sùn, ẹ máa ṣubú síbi tẹ́ ẹ bá wà. Gbogbo ọjọ́ yẹn kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 lọ lójú ayé, ìyẹn ló fi bá ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì mu. Ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún kan, ọjọ́ 28 sì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ohun tẹ́ ẹ bá gbìn tí ìgbà rẹ̀ bá ti kọjá, ó máa kú sórí ilẹ̀ mọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lálẹ́. Àpótí onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, inú rẹ̀ lẹ máa kó ohun tẹ́ ẹ bá kórè sí. Tẹ́ ẹ bá wọlé sùn, ojú fóònù á dúdú, ẹ̀yìn náà ni yóò wá ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ tà lọ́jọ́ náà fún yín: èyí tó ti oko wá lọ́tọ̀, èyí tẹ́ ẹ ṣà nínú igbó lọ́tọ̀, ẹja lọ́tọ̀, ohun tẹ́ ẹ wà nínú ihò kùsà lọ́tọ̀. Á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, owó kékeré gbáà ni, àmọ́ mo jókòó, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ láti ìgbà tí mo ti sin ìjọba tán, ẹnì kankan kò tíì jókòó lálẹ́ kó ka ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà sí mi létí. Mo rò pé ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń wá nínú àlá ojú ọ̀sán nìyẹn: ọjọ́ tó lórí tó nídìí, tí èèyàn lè ka iṣẹ́ inú rẹ̀ kó tó sùn. A kàn ń fi ilé, oko tàbí ìlú òyìnbó wọ̀ ọ́ láṣọ ni.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ iṣu. Ọmọ Àgọ́-Àrẹ̀ ni mí, ní Òkè-Ògùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àtìsbò. Iṣu ni bàbá mi fi rán wa níléèwé. Nígbà tí mo rí i nínú géèmù pé tó bá di ìgbà ìwọ́wé, ìyẹn ìgbà tó ṣáájú òtútù, Pierre tó ni ṣọ́ọ̀bù abúlé máa ń ta irúgbìn iṣu, inú mi dùn débi pé mo pariwo nínú bọ́ọ̀sì. Mo ra á, 60 ni ẹyọ kan. Mo tú ilẹ̀ pẹrẹsẹ, mo fọ́n ọn sí i, mo ń fi agolo bomi rin ín láràárọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ó ta, mo fà á yọ lẹ́ẹ̀kan, mo tà á ní 160.

Ẹni tó bá ti wa iṣu rí mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Iṣu kò ní irúgbìn tí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń fọ́n; èèbù la máa ń gé, èèbù yẹn sì ti tó nǹkan tí èèyàn ń ronú lé lórí, torí ohun tá a bá gbìn lọ́dún yìí, a ò jẹ ẹ́ lọ́dún yìí nìyẹn. Ebè la máa ń kọ́kọ́ kọ. Ebè kíkọ nìkan, ẹ̀yìn tó bá kọ ọ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, a máa wá nǹkan gbígbóná lálẹ́. Tá a bá gbìn ín tán, a ó fi koríko gbígbẹ bo orí ebè kí oòrùn má baà se èèbù nínú ilẹ̀. Tó bá hù, a ó wá ọ̀pá fún un kó lè gùn. A ó ro oko, a ó tún un ro. A kì í fi agolo bomi rin iṣu, ọwọ́ Ọlọ́run ni omi rẹ̀ wà, tí òjò bá sì dáwọ́ dúró nígbà tí kò yẹ, kò sí bọ́tìnì tí èèyàn máa tẹ̀. Oṣù méje sí mẹ́wàá ni, ó sinmi lé irú iṣu tá a gbìn. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló ń gbin iṣu jù láyé, ó ju ìdajì gbogbo iṣu àgbáyé lọ, nítorí náà kò burú tí ọmọ oníṣu bá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí èyí.

Ohun tó tún wúwo ju ebè lọ ni iye ọjà. Nínú géèmù, bẹ́ ẹ gbé iṣu kan lọ, bẹ́ ẹ gbé ẹgbẹ̀rún lọ, 160 náà ni wọ́n máa fún yín lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn alájàpá tó ń gbé iṣu láti Òkè-Ògùn lọ sí Mile 12 á fẹ́ gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, ọdún tí iṣu bá ta dáadáa fún gbogbo èèyàn ni owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ jù. Ẹni tó ní ọkọ̀ lè dúró de ọjọ́ míì. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, iye tí alájàpá bá pè é ní oko ló máa gbà, torí òun náà mọ̀ pé iṣu kò lè dúró sínú oòrùn. Lóòótọ́, ẹyẹ ìwò wà nínú géèmù tó ń jẹ irè oko, ẹ sì máa ri aṣọ́komásùn mọ́lẹ̀ kó má baà jẹ ẹ́ tán. Àmọ́ kò sí màlúù tó ń wọ oko lóru, kò sí pé ọ̀nà bàjẹ́ kí ọkọ̀ dàánù pẹ̀lú iṣu nínú. Mi ò sọ pé kí wọ́n fi gbogbo ìyẹn sí i. Èmi tí mo ń ti ìdí tábìlì bọ̀, mo fẹ́ sinmi. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó bá tipasẹ̀ géèmù yìí pinnu láti fiṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ máa ṣàgbẹ̀ mọ̀ pé ibi tó dùn nìkan ni wọ́n fi hàn án.

Mo gbé e lọ sílé fún ọdún Àjíǹde, mo sì fi han bàbá mi. Orí bẹ́ǹṣì iwájú ilé la wà. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn fún ọjọ́ kan gbáko nínú géèmù, ó rí i bí mo ṣe ń bomi rin nǹkan láti ìlà kan dé ìkejì.

"Àdùkẹ́, iṣu nìyẹn?"

"Iṣu ni, Bàbá."

"Ebè rẹ̀ dà?"

"Wọn kì í kọ ebè níbẹ̀, Bàbá. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni."

Kò fèsì sí ìyẹn. Ó tún wò ó. Nígbà tó yá ló wá béèrè ohun tí mi ò retí: "Ta ló ń bá ọmọ yìí ṣe é?"

"Òun nìkan ni, Bàbá."

"Òun nìkan? Kò lẹ́gbẹ́ ni?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àáró wọn fún mi, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Àwọn mẹ́fà ni. Tòní lóko tèmi, tọ̀la lóko tìrẹ, títí á fi yí gbogbo wọn ká, ẹni tí wọ́n bá wà lóko rẹ̀ ló máa bọ́ wọn. Ó dárúkọ ẹni tó yára jù nínú wọn níbi ebè kíkọ àti ẹni tó ń dá wọn lẹ́rìn-ín kí oòrùn má baà pa wọ́n. Tí ẹnì kan nínú wọn bá fẹ́ ṣe oko àna rẹ̀, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n máa bẹ̀, àwọn èèyàn á tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní láti ìgbà tóun ti mọ ọkọ́ mú, òun ò tíì dá oko òun kọ tán rí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo àlá mi lójú kan míì. Ọgbà tòmátì yẹn, èmi nìkan ni mo máa ń rí níbẹ̀. Ọkọ mi kò sí níbẹ̀, àwọn ọmọ kò sí níbẹ̀, aládùúgbò kankan kò gba iwájú ilé kọjá kó kí mi pé ẹ kú iṣẹ́. Àwọn èèyàn ti pọ̀ lọ́rùn mi ní báńkì débi pé mo ti ṣá gbogbo èèyàn kúrò nínú ayé kejì tí mò ń kọ́ lọ́kàn. Ibi tí mo ti rò pé oko ni mò ń fẹ́, ìsinmi ni mò ń tọrọ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún géèmù láti tú síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá mi ló bá a parí rẹ̀.

Kí n má baà ṣe géèmù náà ní àìdáa, èèyàn wà ní Pelican Town. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ilé, ó ní ọjọ́ ìbí, ó ní ohun tó fẹ́ àti ohun tó kórìíra. Ẹ lè fún ẹnì kan lẹ́bùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì máa tú inú rẹ̀ fún yín. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Linus, àgbàlagbà kan tó pàgọ́ sí ìhà àríwá abúlé, tó ń gbé nínú rẹ̀. Ó sọ ọ́ gbangba pé òun ló wu òun bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa tá a ń lá àlá yìí, òun nìkan ló ṣe é láìku ẹyọ kan, abúlé sì ń wò ó tìfura-tìfura. Mo máa ń ronú ohun táwọn ẹbí máa sọ tí mo bá ṣe irú rẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ̀. Wọ́n á ti gbé mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun kejì tí ẹni tó ṣe é fọgbọ́n ṣe ni pé Joja, ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ sá fún ní ìlú ńlá, ti ní ṣọ́ọ̀bù ní abúlé náà kẹ́ ẹ tó dé. Tẹ́ ẹ bá san 5,000, ẹ lè di ọmọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á tún nǹkan ìlú ṣe fún yín kíákíá, àmọ́ gbọ̀ngàn àtijọ́ tó jẹ́ ti gbogbo abúlé á di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ẹ sì lè kọ̀, kẹ́ ẹ máa tún gbọ̀ngàn náà ṣe pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ bá gbìn àti ohun tẹ́ ẹ bá pa lódò. Ó máa ń pẹ́. Èmi kọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ọ́fíìsì wa tó ń ta á náà san owó Joja, ó ní òun ò ní àkókò, mo sì rí i pé bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ náà nìyẹn.

Eric Barone ló ṣe géèmù yìí, ọmọ Amẹ́ríkà. Òun nìkan ló ya àwòrán rẹ̀, òun ló kọ orin inú rẹ̀, òun ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ó jáde yunifásítì ní 2011, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà, kò ríṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ géèmù náà kó lè fi kọ́wọ́. Ó tó ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ kó tó parí, tó sì ń lọ júwe àga fáwọn tó wá wòran ní gbọ̀ngàn eré kan ní Seattle. Oṣù kejì ọdún 2016 ló gbé e jáde. Nígbà tí 2024 fi máa parí, wọ́n ti ta mílíọ̀nù 41. Géèmù Harvest Moon tó wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ jáde ní Japan ní 1996. Yasuhiro Wada tó ṣe ìyẹn, ọmọ ìgbèríko ni, Tokyo ló ti lọ ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí ilé. Ó ti pẹ́ tí oko ti ń pe àwọn tó wà nídìí tábìlì.

Àléébù tí mo rí: kò sí Yorùbá nínú àwọn èdè rẹ̀. Faransé wà, Pọtogí wà, Jámánì wà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà níbẹ̀ pọ̀, màmá mi tó gbádùn àwòrán rẹ̀ kò lè dá a ṣe, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé òun ni ì bá mọ gbogbo ọjọ́ ìbí àwọn ará abúlé náà sórí. Tẹ́ ẹ bá lè ra ti kọ̀ǹpútà, ẹ rà á, torí ẹ̀yin àti ẹlòmíì lè jọ wà lóko kan níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá mi, ohun tí mò ń fowó jọ fún nìyẹn. Bàbá náà ti ní òun máa ya ebè díẹ̀ sọ́tọ̀ fún mi, kí èmi àtàwọn ọmọ wá fọwọ́ ara wa gbin nǹkan sí i nígbà ìsinmi. Mi ò fiṣẹ́ sílẹ̀ o.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: oko àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi hàn yín ni kẹ́ ẹ mú, òun ló láàyè jù. Ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n inú ilé láràárọ̀, ó máa sọ bóyá òjò máa rọ̀ lọ́la. Pierre kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́rú. Ẹ má wọ ihò kùsà láìmú oúnjẹ dání. Ẹ tọ́jú owó de ọdún ẹyin tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ 13 ìgbà ìrúwé, irúgbìn sitirọ́bẹ́rì wà níbẹ̀, 100 lórí ẹyọ kan, ó tó bẹ́ẹ̀. Ti iṣu wá ńkọ́? Ọjọ́ kìíní ìgbà ìwọ́wé ni kẹ́ ẹ ti gbìn ín, ẹ máa kórè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti kọjá ọjọ́ 18, ẹ má gbìn ín mọ́, òtútù máa wọlé kó tó ta.